Sùúrù Ni Ó Bí Ìyára: Ìtàn Ìgbésí Ayé Isaac Pitman

Bí a bá dárúkọ Pitman létí àwọn òbí wa tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ akọ̀wé rí, ṣọ́tíháńdì ni yóò kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Nígbà kan ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ọ̀dọ́ tí ó bá mọ Pitman, tí ó sì mọ táípù í tẹ̀, ti rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni Pitman, pé olùkọ́ ilé-ìwé kékeré ni, àti pé láàárọ̀ kùtùkùtù, kí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ni ó ti ń wá ìmọ̀ tí ó sọ ọ́ di olókìkí? Ìtàn ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ sọ níwọ̀nba. Mo yàn án fún ìwé ẹgbẹ́ wa yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ ìró èdè ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ ìró èdè náà sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwa náà wá kọ́ ní yunifásítì.

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí ṣọ́tíháńdì jẹ́. Ọ̀nà ìkọ̀wé ni, tí a fi ń lo ìlà, ìlà tí ó tẹ̀ kọrọdọ, àti àmì kéékèèké dípò lẹ́tà, kí ọwọ́ lè bá ẹnu rìn. Pitman kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú rẹ̀. Ní Róòmù àtijọ́, Tiro, ẹrú tí Cicero olówó rẹ̀ dá sílẹ̀, ní irú àmì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Samuel Pepys fi ṣọ́tíháńdì kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ láti 1660 sí 1669. Charles Dickens, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ nì, kọ́ ọ̀kan nínú wọn nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ oníròyìn, ojú rẹ̀ sì rí tó kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣòro í kọ́, wọn kò sì ka ìró èdè sí tó bí ó ti yẹ.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1813 ni a bí Isaac Pitman ní Trowbridge, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú aláṣọ ni Trowbridge. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun aṣọ níbẹ̀. Samuel Pitman, bàbá rẹ̀, jẹ́ alábòójútó ní iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan. Ọmọ mọ́kànlá ni bàbá yìí bí, nítorí náà ọwọ́ pọ̀ nínú àwo. Ara Isaac kò le ní kékeré. Ooru inú kíláàsì tí ọmọ kún fọ́fọ́ máa ń mú kí òòyì kọ́ ọ, nígbà tí ó sì fi máa di nǹkan bí ọmọ ọdún 13, ó ti kúrò ní ilé-ìwé. Iṣẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìhunṣọ ni wọ́n fi í sí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni irú èyí ti bá, tí ìwé kíkà wọn sì parí síbẹ̀. Ti Isaac kò parí. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni ó máa ń jí láti kàwé kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan dé bá a tí yóò yé gbogbo wa tí a kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé kí a tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó ni ín. Ó ń bá ọ̀rọ̀ pàdé lójú ìwé tí kò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ kò sì fi bí a ti ń pè é hàn. Ẹ wo cough, ẹ wo through, ẹ wo though: lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni ó parí wọn, ìró mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ní. Kí ni ọmọ aláṣọ tí kò ní olùkọ́ yóò ṣe? Ó gbé ìwé atúmọ̀-èdè John Walker, èyí tí ó ń fi bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ hàn, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti ń ṣì pè sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni. Láti ìgbà náà ni ó ti mọ̀ pé ohun tí ojú rí lórí ìwé àti ohun tí etí ń gbọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, ìmọ̀ yìí ni yóò sì padà wúlò fún un.

Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́langba ni ó kọ́ ṣọ́tíháńdì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀nà tí Samuel Taylor gbé jáde ní 1786 ni ó kọ́. Ẹnikẹ́ni kò rán an, kò sì sí ọ̀gá tí ó ń dúró de ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́ ọ nítorí pé àkókò rẹ̀ kò tó, ó sì fẹ́ kí àkọsílẹ̀ ohun tí ó ń kà yá. Ohun ìdárayá ọkàn ni ó jẹ́ fún un, bí àwọn mìíràn ti ń ta ayò. Ó sì tètè rí àléébù rẹ̀: nínú ti Taylor, tóótó kan ṣoṣo ni ó dúró fún gbogbo fáwẹ́lì, a kì í sì í fi í sí àárín ọ̀rọ̀ rárá. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni yóò máa méfò fáwẹ́lì nígbà tí ó bá fẹ́ kà á.

Ní 1831, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Borough Road. Kò ju oṣù mélòó kan lọ níbẹ̀ tí wọ́n fi rán an lọ ṣe olùkọ́ àgbà ní Barton-upon-Humber. Níbẹ̀ ni ó ti fẹ́ Mary Holgate ní 1835, opó kan tí ó jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ní 1836, ó kó lọ sí Wotton-under-Edge láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdánwò ti dé bá a. Ó gba ẹ̀kọ́ Emanuel Swedenborg gbọ́, ó sì wọ ìjọ tí ó ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn tí ó wà lórí ilé-ìwé kò fara mọ́ ọn, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ènìyàn mìíràn ìbá wá bí yóò ti dọ́gbọ́n pa ìgbàgbọ́ rẹ̀ mọ́lára kí oúnjẹ má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Pitman kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ilé-ìwé tirẹ̀ nínú ìlú kan náà, ó sì ń bá ìwé kíkà rẹ̀ lọ.

Láàrin ìdààmú yìí ni ó ti fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mọ ṣọ́tíháńdì. Ìwé tí ó wà lọ́jà wọ́n jù fún ọmọ tálákà. Ó wá kọ ìwé olówó pọ́ọ́kú kan lórí ti Taylor, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Samuel Bagster, ẹni tí ó ń tẹ Bíbélì ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti mọra tẹ́lẹ̀, nítorí Pitman ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti yẹ àwọn ìtọ́ka ẹsẹ inú Bíbélì kan tí Bagster tẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bagster gbà á níyànjú pé ìwé Taylor ti wà ná. Ohun tuntun ni kí ó gbé wá. Pitman gba ìmọ̀ràn náà. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1837, ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí ó pè ní Stenographic Sound-Hand. Kọ́bọ̀ mẹ́rin, owó Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà, ni wọ́n ń tà á. Ọmọ ọdún 24 ni òǹkọ̀wé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú kíláàsì fònẹ́tíìkì yóò gbádùn ohun tí Pitman ṣe. Ó fi lẹ́tà sílẹ̀, ó mú ìró. Ó kíyè sí i pé ìbejì ni àwọn kọ́ńsónáǹtì kan. Ibi tí a ti ń pe /t/ lẹ́nu náà ni a ti ń pe /d/. Ibi tí a ti ń pe /k/ náà ni a ti ń pe /g/. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọ̀kan jẹ́ àìkùnyùn, èkejì sì jẹ́ akùnyùn. Nítorí náà, ó fún ìbejì kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan náà: tín-ín-rín fún àìkùnyùn, kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó nípọn fún akùnyùn. Ìlà òòró ni ti /t/ àti /d/. Ìlà ìbú ni ti /k/ àti /g/. Èyí tí ó tẹ̀ díẹ̀ ni ti /f/ àti /v/. Ní ti fáwẹ́lì, tóótó àti ìlà kúkúrú ni ó lò, a sì ń fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ́ńsónáǹtì ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín tàbí ní ìparí. Bí ọwọ́ bá ti yá, a lè yọ fáwẹ́lì sílẹ̀, kí ó jẹ́ pé ibi tí a kọ ọ̀rọ̀ sí ni yóò máa tọ́ka sí i: òkè ìlà ìwé, orí rẹ̀ gan-an, tàbí kí ọ̀rọ̀ gé ìlà náà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yíyọ fáwẹ́lì sílẹ̀ yìí, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Pitman kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Gbogbo fáwẹ́lì ni yóò kọ́kọ́ máa fi sí i, tóótó lẹ́yìn tóótó, títí etí rẹ̀ yóò fi mọ̀ wọ́n láìṣì. Ìgbà tí ó bá lè fi gbogbo rẹ̀ sí i ni ó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọ́. Ẹni tí ó bá sáré yọ ọ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n yóò kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ní lè kà lọ́la.

Ní 1839, Pitman kó lọ sí ìlú Bath, níbi tí ó gbé títí ó fi kú. Ní ọdún kejì, 1840, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà ìfìwéránṣẹ́ tuntun jáde: kọ́bọ̀ kan péré ni lẹ́tà fífúyẹ́ yóò máa ná ẹni tí ó fi í ránṣẹ́, ibi yòówù kí ó ń lọ nínú ìlú wọn. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ọ̀nà bá ti jìn sí ni owó ti ń pọ̀ sí. Pitman rí ọ̀nà níbẹ̀. Ó tẹ gbogbo ètò rẹ̀ sórí tákàdá kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan, ó sì kéde pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè fi iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, òun yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á da ẹsẹ Bíbélì mélòó kan sí ṣọ́tíháńdì, Pitman á fi àmì sí ibi tí kò gún, á sì dá a padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ ìtàn ẹ̀kọ́ ka èyí kún ọ̀kan nínú àwọn ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sílé rẹ̀ gbà. Nígbà tí iṣẹ́ náà pọ̀ ju ti ẹnìkan lọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1843 tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a yẹ iṣẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 1843 yìí kan náà ni ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, kí ó lè gbájú mọ́ ṣọ́tíháńdì nìkan.

Àwọn arákùnrin rẹ̀ gbé e kọjá òkun. Jacob gbé e dé Ọsirélíà. Benjamin, tí wọ́n ń pè ní Benn, gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ó sì fìdí kalẹ̀ sí Cincinnati. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ àwọn tí wọ́n lẹ̀dí àpò pọ̀ láti pa Ààrẹ Abraham Lincoln ní 1865, Benn Pitman ni aṣáájú àwọn tí ó kọ ohun tí ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí sọ sílẹ̀.

Àṣeyọrí yìí kò tó Isaac. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ni pé kí gbogbo àkọtọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì yí padà, kí a máa kọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́. Òun àti Alexander John Ellis, ọ̀mọ̀wé nípa ìró èdè, jọ ṣe álífábẹ́ẹ̀tì tuntun ní àwọn ọdún 1840. Ó ná owó tí ṣọ́tíháńdì mú wá sórí rẹ̀, ó fi tẹ ìwé, ó fi kọ lẹ́tà, kò sì yé jà fún un títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Ṣọ́tíháńdì tí ó jẹ́ irinṣẹ́ ni wọ́n mú; àtúnṣe tí ó fẹ́ràn jù ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Níbí ni ìtàn rẹ̀ ti kan tiwa. Ọdún 1843 tí Pitman fi kíláàsì sílẹ̀ nítorí ìró èdè ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde. Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá lẹ́tà tí yóò bá ìró tí etí ń gbọ́ mu, wọ́n ń jiyàn lórí tóótó abẹ́ ẹ àti ọ, wọ́n ń jiyàn lórí àmì ohùn, títí di ìpàdé àkọtọ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875. Ohun tí Pitman fi gbogbo ayé rẹ̀ tọrọ fún èdè tirẹ̀ tí kò rí gbà, àwọn bàbá wa rí i gbà fún tiwa. Ẹni tí ó bá mọ álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá àti àmì ohùn lè ka ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí, kí ó sì pè é bí ó ti yẹ. Ọmọ aláṣọ Trowbridge ìbá jó bí ó bá rí irú rẹ̀.

Mary, aya Pitman, kú ní 1857. Ní 1861 ni ó fẹ́ Isabella Masters, ẹni tí ó bí ọmọ fún un. Pitman kì í jẹ ẹran, kì í mu ọtí, kì í fa tábà, kò sì fi jíjí kùtùkùtù sílẹ̀. Ní 1886, ó gba àwọn ọmọ rẹ̀, Alfred àti Ernest, wọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ní 1887, nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ pé 50 ọdún, àwọn oníṣọ́tíháńdì láti ilẹ̀ oríṣiríṣi pé jọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1894, Ọbabìnrin Victoria fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ó kú ní Bath ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, ó sì ti pé ọmọ ọdún 84.

Ìwé rẹ̀ dé ilẹ̀ wa, ó sì tan kálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò lówó ilé-ìwé gíga jókòó ti àtùpà lálẹ́, wọ́n ń fi pẹ́ńsù kọ́ Pitman. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́ ṣọ́tíháńdì àti táípù ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tí ó sì fi ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Lónìí, nǹkan ti yí padà. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé, kọ̀ǹpútà dé, fóònù sì wà lápò gbogbo wa. Àwọn ọ̀gá kì í sábà pe akọ̀wé wọlé mọ́ pé kí ó wá gba lẹ́tà sílẹ̀.

Kí ni èmi wá ń fi ṣọ́tíháńdì ṣe? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé-ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ni ó fún mi ní ìwé Pitman rẹ̀ tí ó ti gbó. Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń fi ogún ìṣẹ́jú kọ ọ́ láràárọ̀. Pẹ́ńsù tí ó rọ̀ ni mo ń lò, kí ìlà tín-ín-rín àti èyí tí ó nípọn lè yàtọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ Yorùbá, níbẹ̀ ni adùn rẹ̀ sì wà fún mi. Yorùbá kò ní kọ́ńsónáǹtì méjì tí ó lẹ̀ mọ́ ara wọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìkọ́ tí Pitman fi ń so /l/ àti /r/ mọ́ kọ́ńsónáǹtì mìíràn kò wúlò fún wa. Mo wá fún ọ̀kan nínú wọn ní iṣẹ́ gb. Ìlà /p/ rẹ̀ ni mo fi ń kọ p tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé afàfàséfètèpè ni tiwa. Ohùn ni kò rí ojútùú kíákíá. Igbá, igba, ìgbà àti ìgbá, ìlà kan náà ni gbogbo wọn bí a kò bá fi àmì sí i.

Ó sì ti wúlò fún mi. Bàbá ọdẹ kan tí mo lọ bá nítorí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi kò fẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ kankan síwájú òun nígbà tí òun bá ń sun ìjálá. Ó ní ohùn òun kì í ṣe ohun tí ọmọ aráyé yóò máa gbé kiri nínú fóònù. Ṣùgbọ́n kò bínú sí pẹ́ńsù. Bí bàbá ti ń sun ún ni mo ń fi ìlà gbà á. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo dà á kọ sí Yorùbá gidi, nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì ń dún létí mi, mo sì fi àmì sórí gbogbo sílébù. Ní ọjọ́ kejì, mo kà á sí i létí. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí n tún un kà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò sọ pé kí gbogbo wa lọ kọ́ ṣọ́tíháńdì. Ohun tí ìgbésí ayé Pitman ń kọ́ wa ni mo fẹ́ kí a mú. Àwa náà ń yọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́ nínú Yorùbá tí a ń kọ síra wa lórí fóònù: a yọ tóótó, a yọ àmì ohùn, a ní ọwọ́ ń kán wa. Bí ẹni tí ó lè fi gbogbo àmì náà sí i bá yọ ọ́ nítorí ìkánjú, kò burú. Ó mọ ohun tí ó fi sílẹ̀, ó sì lè padà mú un. Ṣùgbọ́n bí àwa tí à ń kọ́ èdè yìí bá ń yọ ohun tí a kò mọ̀, ta ni yóò bá wa kà á lọ́la? Ọkùnrin tí ó kọ́ gbogbo ayé bí a ti ń kọ̀wé ní kíákíá, odindi ìwé atúmọ̀-èdè ni ó kọ́kọ́ fi sùúrù kà. Ohun tí a bá fara balẹ̀ kọ́ ni ọwọ́ wa lè yá sí.